Ìgbàgbé ọjọ́ ogbó yàtọ̀ sí Alzheimer

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ tí ẹ ń pín kiri pé Alzheimer tó ń ba ìrántí jẹ́ kì í ṣe àìsàn, pé ọjọ́ ogbó lásán ni, kò rí bẹ́ẹ̀.

Àgbà lè gbàgbé ibi tó fi kọ́kọ́rọ́ sí, kó sì rántí tó bá yá. Ẹni tí Alzheimer ń bá jà lè mú kọ́kọ́rọ́ dání, kó máa wò ó, kó má mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Ibẹ̀ gan-an ni ìyàtọ̀ wà.

Àrùn ọpọlọ ni Alzheimer jẹ́, láti 1906 ni Alois Alzheimer, dókítà ará Jámánì, ti ṣàlàyé rẹ̀. Ó máa ń mú àwọn tí kò tíì pé ọdún 65 náà, bí kò tilẹ̀ wọ́pọ̀.

Ẹ wo àlàyé Àjọ Ìlera Àgbáyé lórí dementia, ìyẹn àwọn àìsàn tó ń ba ìrántí àti ìrònú jẹ́, tí Alzheimer jẹ́ ọ̀kan lára wọn, ó wà níbẹ̀ kedere. Ẹ má sì fúnra yín pe ìgbàgbé ní Alzheimer: àìtó fítámì B12 náà lè fa ìgbàgbé, ìyẹn sì ṣeé tọ́jú. Dókítà ni kó yẹ̀ ẹ́ wò.