Patois kì í ṣe Faransé tó bàjẹ́

Níbi ìkómọ kan ní Poitiers, ìlú kan ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé, mo sọ fún ẹ̀gbọ́n kan pé mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì láti lọ wo Yannick Jaulin, apàlọ́ orí ìtàgé tó máa ń fi patois, èdè ìgbèríko wọn níbí, pàlọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín. “Àbúrò, o fowó ṣòfò. Patois yẹn, èdè wo ló wà níbẹ̀? Faransé tí àwọn àgbẹ̀ ò gbọ́ délẹ̀ ni. Ọkùnrin yẹn kàn ń sọ̀rọ̀ bí ará oko kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín ni.” Gbogbo tábìlì gbà fún wọn, títí kan òyìnbó kan tí wọ́n bí sí Poitiers gan-an.

Mo dákẹ́ nítorí ọmọ tuntun. N ò ní dákẹ́ níbí.

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Mo ti gbọ́ ọ níbi iṣẹ́, mo ti gbọ́ ọ nínú takisí, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ wa tó kàwé rẹpẹtẹ. Irọ́ ni. Èdè tí wọ́n ń sọ ní Poitou, ní Vendée, ní Saintonge, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní poitevin-saintongeais, tí àwọn tó ni ín ń pè ní parlanjhe, kò ti inú Faransé jáde. Látìnì ló bí i, Látìnì yẹn náà ló sì bí Faransé. Ọmọ ìyá ni wọ́n. Ọ̀kan bọ́ sí ààfin ọba, èkejì dúró sóko. Ta ló wá ní kí a máa pe èyí tó dúró sóko ní àbùkù ara èyí tó wà láàfin?

Ohun tó la ojú tèmi rèé. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, mo lọ já èso ápù ní Gâtine, lágbègbè Parthenay, mo sì gba yàrá lọ́dọ̀ ìyá àgbà kan. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, màmá yìí ṣílẹ̀kùn, wọ́n na ọwọ́ síta, wọ́n ní, “O mouille,” ìyẹn ni pé òjò ń rọ̀. Èmi tí mo rò pé Faransé mi já gaara, mo tún un ṣe fún wọn: “Il pleut lẹ fẹ́ sọ, àbí?” Màmá panu dé. Wọ́n ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, il pleut,” wọ́n sì rọra ti ilẹ̀kùn. Ojú tì wọ́n nínú ilé ara wọn, èmi ni mo sì fà á. Ó ń dùn mí títí dòní.

Nítorí èmi gan-an ni n kò mọ̀. Ẹ wo “o” yẹn dáadáa. Tí a bá ní “ó ń bọ̀” ní Yorùbá, ó lè jẹ́ ọkùnrin, ó lè jẹ́ obìnrin, ó lè jẹ́ mọ́tò. Faransé ya ọkùnrin sọ́tọ̀, il. Ó ya obìnrin sọ́tọ̀, elle. Ṣùgbọ́n tí òjò bá ń rọ̀, tí kò sí ọkùnrin kankan níbẹ̀, il tọkùnrin yẹn náà ni wọ́n tún máa fà wá: il pleut. Parlanjhe kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, obìnrin ní tirẹ̀, ohun tí kì í ṣe akọ tí kì í ṣe abo sì ní “o” tirẹ̀. O mouille: òjò ń rọ̀. Tí fáwẹ̀lì bá tẹ̀ lé e, ó di ol: ol ét, “ó jẹ́”. Hoc ti Látìnì ni “o” yìí ti wá. Ẹni tí kò gbọ́ èdè délẹ̀ máa ń da ohun tó yàtọ̀ síra pọ̀ ni. Báwo ni àgbẹ̀ tí wọ́n ní ó ń ba Faransé jẹ́ ṣe wá ya ohun tí Faransé fúnra rẹ̀ dà pọ̀ sọ́tọ̀?

Ìgbín ńkọ́? Ní Poitou, luma ni. Ní ìhà Saintonge, cagouille ni. Ẹ̀gbọ́n á ní escargot lorúkọ rẹ̀ gan-an. Escargot! Lẹ́nu àwọn ará gúúsù, àwọn tó ń sọ Provençal, ni Paris ti yá a. Patois ni wọ́n ń pe ìyẹn náà.

Wọ́n á ní ó jọ Faransé jù. Èdè Ítálì àti ti Sípéènì náà jọra. Wọ́n á ní kò ní ìwé. Ní 1572, wọ́n ti tẹ ìwé jáde ní èdè yìí ní Poitiers níbí.

Ìjọba ló gbin ìgbàgbọ́ yìí. Ní 1794, Àlùfáà Grégoire, ẹni tó jà kí oko ẹrú dópin, dìde níwájú ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Paris, ó ka ìròyìn tó ní kí wọ́n pa patois run, kí Faransé lè di ti gbogbo èèyàn. Nínú ìròyìn yẹn náà ló ti ní, ó kéré tán, 6 mílíọ̀nù ọmọ ilẹ̀ Faransé ni kò gbọ́ Faransé, pàápàá ní ìgbèríko, àti pé àwọn tó ń sọ ọ́ bó ṣe yẹ kò ju 3 mílíọ̀nù lọ. Ẹ jọ̀ọ́, báwo lèèyàn ṣe ń ba èdè tí kò gbọ́ jẹ́?

Ilé ìwé ló wá parí iṣẹ́ náà. Ní ọ̀pọ̀ abúlé ilẹ̀ Faransé, ní Bretagne àti ní gúúsù pàápàá, ọmọ tó bá sọ èdè ilé wọn ní kíláàsì, wọ́n á so bàtà onígi tàbí pákó kan mọ́ ọn lọ́rùn, títí yóò fi ká ọ̀rọ̀ mọ́ ọmọ mìíràn lẹ́nu. Àwa mọ nǹkan yẹn. Wọ́n gbé e dé Dahomey, wọ́n pè é ní signal. Bàbá mi wọ̀ ọ́ lọ́rùn ní Kétu, eegun màlúù tí wọ́n fi okùn so. Ohun tí bàbá sọ ní Yorùbá lọ́jọ́ náà kò ju pé òùngbẹ ń gbẹ àwọn lọ. Tí bàbá bá ń sọ ìtàn yẹn, wọ́n ṣì máa ń fọwọ́ pa ọrùn.

Ibẹ̀ ni Jaulin ti ń sọ̀rọ̀. Ọmọ ìgbèríko Vendée ni. Kó tó di olókìkí, ó ti ń kó ìtàn àti orin jọ lẹ́nu àwọn àgbà. Òun ló sọ Pougne-Hérisson, abúlé kan ní Deux-Sèvres, di ìdodo ayé fún àwọn apàlọ́, bí a ṣe ń pe Ifẹ̀ ní ibi ojúmọ́ ti ń mọ́ wá. Mo ti wò ó lẹ́ẹ̀kan rí. Bàbá arúgbó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ti ń rẹ́rìn-ín kí ìyókù wa tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Nígbà tó yá, bàbá yọ áńkáṣíìfù, wọ́n ń nu ojú. Ẹni tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ kì í sunkún báyẹn.

Mo gbà pé àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn bóyá èdè kan ni poitevin àti saintongeais tàbí méjì, àti pé ọ̀pọ̀ tó ń sọ ọ́ lónìí ń fi Faransé lù ú. Kò yí nǹkan kan padà. Ní 1999, nígbà tí Bernard Cerquiglini ka èdè ilẹ̀ Faransé fún ìjọba, 75 ló kà, èyí sì wà níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, tíkẹ́ẹ̀tì méjì ni mo rà. Ẹ bá mi lọ. Tí a bá jáde, tí ẹ ṣì ní Faransé tó bàjẹ́ ni, ẹ sọ ọ̀rọ̀ Faransé tí wọ́n bà jẹ́ tó fi di “o” fún mi.