Ṣé kí n gba físà iṣẹ́ kí n tó parí Ph.D., àbí kí n dúró?

Onímọ̀ Omi
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni mo bẹ̀rẹ̀ Ph.D. mi lórí omi abẹ́ ilẹ̀ ní yunifásítì kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún mẹ́rin ni wọ́n sì kọ sínú ìwé pé ẹ̀kọ́ náà máa gbà. Orí mẹ́rin nínú mẹ́fà ti ìwé àpilẹ̀kọ mi ni mo ti kọ. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ilé iṣẹ́ kan tó ń gba àwọn káńsù nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ àgbàrá àti omíyalé fún mi níṣẹ́ ní £42,500 lọ́dún. Wọ́n ní àwọn ti ṣe tán láti gbọ̀wọ́ mi fún físà Skilled Worker, ṣùgbọ́n oṣù karùn-ún ni àwọn fẹ́ kí n wọlé. Ṣé kí n pààrọ̀ físà akẹ́kọ̀ọ́ mi sí ti iṣẹ́ nísinsìnyí, kí n máa fi alẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀ parí ìwé mi, àbí kí n jẹ́ kí iṣẹ́ náà kọjá, kí n parí, kí n wá gba físà Graduate ọlọ́dún mẹ́ta tí wọ́n ń fún ẹni tó bá parí Ph.D. níbí?

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́
Kú oríire, àbúrò. Èrò tèmi ni pé kí o gbà á, kí o sì tètè gbà á. Láti ọjọ́ 17 oṣù keje ọdún 2023 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin dè é pé kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe kúrò lórí físà ẹ̀kọ́ bọ́ sórí ti iṣẹ́ kí ẹ̀kọ́ rẹ̀ tó parí. Àwọn tó ń ṣe Ph.D. nìkan ni wọ́n ṣí fèrèsé kékeré kan sílẹ̀ fún: bí wọ́n bá ti lo oṣù mẹ́rìnlélógún lẹ́nu ẹ̀kọ́ náà, wọ́n lè pààrọ̀ láìdúró de ìparí. Fèrèsé tìrẹ ti ṣí láti oṣù kẹwàá ọdún 2024. Wo ọ̀rọ̀ owó náà pẹ̀lú. Ṣáájú oṣù kẹrin ọdún 2024, £26,200 ni owó ọdọọdún tó kéré jù tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ gba Skilled Worker. Ó fò di £38,700, nígbà tó sì di ọjọ́ 22 oṣù keje ọdún 2025, ó di £41,700. £800 péré ni owó tìrẹ fi ga ju ìlà náà lọ. Ta ló lè fọwọ́ sọ̀yà pé ìlà náà ò ní tún gbéra kí o tó parí?

Ìyá Ìbejì, Leeds
Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, ṣùgbọ́n mo ti jẹ nínú ọbẹ̀ yìí, mo sì mọ bí ata inú rẹ̀ ṣe tó. Ní ìparí ọdún 2024, èmi náà pààrọ̀ físà nígbà tó ku orí méjì kí n parí. Mo sọ fún ara mi pé oṣù mẹ́jọ ló máa gbà mí, torí pé ìwádìí ti parí, kíkọ ló kù. Yunifásítì sọ mí di akẹ́kọ̀ọ́ aláàbọ̀ àkókò. Sikọ́láṣípù mi dúró lóṣù náà gan-an, nítorí pé ẹni tó ń fi gbogbo àkókò rẹ̀ kàwé nìkan ni wọ́n ń fún. Ìwé owó orí ilé láti ọ̀dọ̀ káńsù sì wọlé ní ọ̀sẹ̀ kẹta, nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ alákòókò kíkún ni wọ́n ń yọ̀ǹda rẹ̀ fún. Ìyẹn kọ́ ló dùn mí jù. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé ní agogo méje alẹ́, tí mo fún àwọn ọmọ lóúnjẹ tán, tí mo wá jókòó ti kọ̀ǹpútà, ìdajì wákàtí ni mo fi ń ka ohun tí mo kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá kí n tó rántí ibi tí mo ń lọ. Bí mo bá sì rántí tán, oorun ti dé. Fáìlì kan wà lórí kọ̀ǹpútà mi tí mo pè ní "Orí Karùn-ún, tuntun, ìkẹyìn, èyí gan-an". Mo yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá ọdún tó kọjá ni mo ṣí i kẹ́yìn.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́
Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Ìbejì. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ yín ń lọ, àbí kò lọ?

Ìyá Ìbejì, Leeds
Ó ń lọ dáadáa, mo dúpẹ́. Mi ò sọ pé ebi ń pa mí. Ohun tí àbúrò wa béèrè ni bóyá èèyàn lè máa fi alẹ́ parí ìwé, ìyẹn sì ni mo dáhùn.

Akọ̀wé Ìlànà
Èmi kì í ṣe lọ́yà o, ìwé òfin ni mo máa ń kà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún nǹkan kan ṣe nínú ọ̀rọ̀ Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹni tó bá kúrò lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ bọ́ sórí Skilled Worker lè wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, £33,400 sì ni ìlà tiwọn, pẹ̀lú ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún iye tí ìjọba kọ sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ̀rù £800 yẹn má ba àbúrò wa.

Ohun tó yẹ kó bà á lẹ́rù ni èyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ. Ẹni tó bá fẹ́ gba físà Graduate gbọ́dọ̀ jẹ́ pé físà akẹ́kọ̀ọ́ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, yunifásítì rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ti sọ fún Home Office, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí físà, pé ó ti parí ẹ̀kọ́ náà. Ọjọ́ tí o bá pààrọ̀ sí Skilled Worker, o ti sọ físà akẹ́kọ̀ọ́ nù, o sì ti sọ ọdún mẹ́ta Graduate nù pẹ̀lú rẹ̀. Bí o bá gba Ph.D. náà lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ọdún mẹ́ta yẹn ò ní padà wá bá ọ. Graduate ò béèrè onígbọ̀wọ́, kò béèrè iye owó oṣù kankan, o lè ṣiṣẹ́ fún ẹni tó bá wù ọ́, o sì lè dá iṣẹ́ tìrẹ sílẹ̀. Lórí Skilled Worker, bí ilé iṣẹ́ bá dá ọ dúró, wọ́n sábà máa ń gé físà náà kù sí ọgọ́ta ọjọ́. Fojú inú wò ó: oṣù kẹsàn-án, ìwé ò tíì parí, iṣẹ́ ti lọ, ìyàwó àti ọmọ sì wà lórí físà kan náà.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́
Ẹ ṣeun, mo gba àtúnṣe yẹn. Àmọ́ àǹfààní ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ẹ dárúkọ, ọdún mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀, wọ́n sì ń ka àkókò tí èèyàn bá lò lórí Graduate mọ́ ọn. Ẹni tó bá jẹ ọdún mẹ́ta Graduate tán, ọdún kan péré ló kù fún un. Èkejì, Graduate kì í wọnú ọdún márùn-ún tí wọ́n fi ń ka ìgbà tí èèyàn lè béèrè ìwé ìgbélùú láìní gbèdéke. Èèyàn á lo ọdún mẹ́ta níbẹ̀, á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo. Owó ìlera tí wọ́n ń gbà mọ́ físà náà ńkọ́? £1,035 lórí ẹnì kan lọ́dún, kí a san ti ọdún mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún ọkọ àti ìyàwó, £6,210 nìyẹn kí a tó dárúkọ owó físà fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí a tún san òmíràn nígbà tí a bá ń lọ sórí Skilled Worker.

Èyí tó wá kù ni ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ìjọba ń gba owó kan lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó bá gbọ̀wọ́ àlejò, owó ìmọ̀ iṣẹ́ ni mo máa ń pè é, kò sì bófin mu kí wọ́n yọ ọ́ nínú owó oṣù òṣìṣẹ́. Wọn kì í gbà á bí òṣìṣẹ́ náà bá ti orí físà akẹ́kọ̀ọ́ wá láti inú ìlú níbí. Bó bá ti orí Graduate wá, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ máa san án. Ẹ ò rí i pé lónìí ni owó rẹ̀ dínkù jù lójú wọn?

Akọ̀wé Ìlànà
Ọ̀rọ̀ owó ìmọ̀ iṣẹ́ yẹn dáa, mi ò rò ó débẹ̀, mo sì gbà pé ìdí gidi nìyẹn tí wọ́n fi ń kánjú pe àbúrò wa. Ṣùgbọ́n ní ti ọdún márùn-ún, ẹ rántí pé ní oṣù karùn-ún ọdún 2025 ni ìjọba gbé àbá jáde pé kí ó di ọdún mẹ́wàá fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ má fi òpó tí wọ́n ti ń mì tìtì gbé òrùlé ró.

Bàbá Houston
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọ̀dọ̀ wa díẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, akẹ́kọ̀ọ́ Ph.D. tó ti ṣe gbogbo kíláàsì tán, tó ku ìwé àpilẹ̀kọ nìkan, lè béèrè àṣẹ iṣẹ́ tí à ń pè ní OPT. Oṣù méjìlá ni, ẹni tó bá sì ṣe sáyẹ́ǹsì tàbí ìmọ̀ ẹ̀rọ lè béèrè mẹ́rìnlélógún sí i. Mo mọ ọmọkùnrin kan níjọ wa tó gbà á nígbà tó ku orí kan. Oṣù méjìlá ń lọ, ìwé ò lọ. Bó ti ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń ka ọjọ́. Ó parí nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀ ti kó lọ sí yunifásítì mìíràn, ó di kí ó máa bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní agogo márùn-ún ìdájí. Tiyín sàn ju tiwa lọ, torí pé ọdún mẹ́ta yín ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Iṣu inú àká ni.

Olùkọ́ ní Ilé-Ifẹ̀
Ṣé TETFund, àjọ ìjọba Nàìjíríà tó ń rán olùkọ́ yunifásítì lọ kàwé, kọ́ ló rán ọ, àbúrò? Bó bá jẹ́ àwọn ni, o ti tọwọ́ bọ̀wé pé o máa padà wá sìn, ọ̀rọ̀ físà iṣẹ́ sì di nǹkan mìíràn. Bí kì í bá ṣe wọ́n, mo ṣì ní ọ̀rọ̀ kan. Ẹ̀yin tó wà lọ́hùn-ún ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé Ph.D. kò ju òǹtẹ̀ lọ. Bó bá wù ọ́ láti padà wálé lọ́jọ́ kan, orí mẹ́rin nínú mẹ́fà kò já mọ́ nǹkan kan ní yunifásítì kankan níbí. Ẹni tí kò bá ní Ph.D. máa ń kan ògiri lójú ọ̀nà ìgbéga, bó ti wù kó mọ iṣẹ́ tó.

Onímọ̀ Omi
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. TETFund kọ́, sà. Yunifásítì níbí ló fún mi ní sikọ́láṣípù, ó sì máa parí ní òpin oṣù kẹsàn-án ọdún 2026. Ìyàwó mi wà lọ́dọ̀ mi, ó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà, a ò tíì bímọ.

Akọ̀wé Ìlànà
Ọjọ́ wo ni físà akẹ́kọ̀ọ́ rẹ máa parí? Òun gan-an ló yẹ kí n ti kọ́kọ́ béèrè.

Onímọ̀ Omi
Ọjọ́ 30 oṣù kìíní ọdún 2027, sà.

Akọ̀wé Ìlànà
Jẹ́ ká kà á sẹ́yìn nígbà náà. Yunifásítì gbọ́dọ̀ ti ránṣẹ́ sí Home Office, kí ìwọ náà sì ti béèrè Graduate, kí ọjọ́ yẹn tó pé. Àtúnṣe kékeré lẹ́yìn viva, ìdánwò ọ̀rọ̀ ẹnu lórí ìwé náà, sábà máa ń gba nǹkan bí oṣù mẹ́ta, viva fúnra rẹ̀ sì lè gbà tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí o bá fi ìwé sílẹ̀. Ìyẹn ni pé, bí o bá fi ìwé sílẹ̀ ní òpin oṣù keje, agbára káká ni wàá fi bá ọjọ́ yẹn. Bó bá di oṣù kẹsàn-án, o máa ní láti béèrè àfikún físà akẹ́kọ̀ọ́, owó mìíràn nìyẹn. Bí o bá wọ ibi iṣẹ́ ní oṣù karùn-ún fún ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, mi ò rí oṣù keje yẹn.

Ṣùgbọ́n ṣàkíyèsí bí ilẹ̀kùn méjèèjì ṣe rí. Fèrèsé tó sọ pé o lè lọ sórí Skilled Worker lẹ́yìn oṣù mẹ́rìnlélógún kì í tì níwọ̀n ìgbà tí físà akẹ́kọ̀ọ́ rẹ bá ṣì wà. Bó bá di oṣù kejìlá tí o rí i pé àtúnṣe ò ní bá ọjọ́ mu, o ṣì lè gbà á nígbà náà, bí iṣẹ́ bá wà. Graduate ló jẹ́ pé bó bá tì, ó tì. Níwọ̀n ìgbà tí o sì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, o ní ẹ̀tọ́ sí ogún wákàtí iṣẹ́ lọ́sẹ̀, bí kò bá ti jẹ́ iṣẹ́ alákòókò kíkún tó wà títí. Béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n lè fún ọ ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ títí o fi máa fi ìwé sílẹ̀, kí o sì ka ìwé sikọ́láṣípù rẹ dáadáa, torí pé àwọn kan máa ń fi òté lé iye wákàtí tí èèyàn lè ṣe.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́
Bí wọ́n bá gbà, mo gbà. Bí wọn ò bá gbà, ohun tí mo sọ ni mo ṣì ń sọ: iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ kì í dúró de ẹni tó ń ṣe àtúnṣe.

Onímọ̀ Omi
Mo ti bá wọn sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní àwọn gbà fún ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ láti oṣù karùn-ún títí di òpin oṣù kẹsàn-án, wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, owó rẹ̀ sì máa bá iye ọjọ́ mu. Wọn ò ṣèlérí ohunkóhun lẹ́yìn ìyẹn lórí ìwé. Ọ̀gá náà kàn ní àwọn á tún jókòó sọ ọ́ ní oṣù kẹsàn-án. Sikọ́láṣípù mi ò sọ̀rọ̀ lòdì sí i, ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ló kù kí ó buwọ́ lù ú.

Ìyá Ìbejì, Leeds
Àwọn ọjọ́ wo ni ọjọ́ méjì náà? Má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀kan sí ọjọ́ Ajé, kí wọ́n fi èkejì sí ọjọ́ Ẹtì. Kí wọ́n tẹ̀lé ara wọn, kí o lè ní ọjọ́ mẹ́ta gbáko fún ìwé rẹ láàárín ọ̀sẹ̀.

Onímọ̀ Omi
Ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, mà.

Ìyá Ìbejì, Leeds
Ó dáa. Fi fáìlì orí karùn-ún rẹ sójú ibi tí wàá ti máa rí i ní àárọ̀ Ọjọ́rú.