Èsì wa sí ẹ̀gbọ́n tó ní a sọ drone kalẹ̀ nígbà tí bátìrì ṣì ku 38%

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ohun tó ń dùn yín síbí. Ìràwọ̀ méjì lẹ fún wa. Ẹ ní a wá ya àwòrán ilẹ̀ yín ní Ìdó, a sọ drone kalẹ̀ láàárín iṣẹ́ nígbà tí bátìrì ṣì ku 38%, a palẹ̀ ẹrù mọ́ nítorí òjò, òjò náà ò sì kán sílẹ̀ yín títí ilẹ̀ fi ṣú. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Bí irú rẹ̀ bá tún wáyé lọ́la, ohun kan náà la máa ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

38% tẹ́ ẹ rí lójú ẹ̀rọ yẹn kì í ṣe ti iṣẹ́ mọ́, owó ọkọ̀ àbọ̀ ni. Drone wà ní ìpẹ̀kun ilẹ̀ yín lápá ìwọ̀-oòrùn, afẹ́fẹ́ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ láti ìlà-oòrùn, níbi tí àwa dúró sí. Ewé àgbàdo tó wà lẹ́bàá yín ò mì rárá, mo mọ̀, ṣùgbọ́n lókè lọ́hùn-ún drone ti ń fẹ̀gbẹ́ rìn. Ìṣẹ́jú 45 tí àwọn tó ṣe Mavic 3 Enterprise, ìyẹn drone tá a lò, sọ pé ó lè fò, níbi tí afẹ́fẹ́ ò ti fẹ́ ni. Tó bá ń bá afẹ́fẹ́ jà bọ̀, iná inú bátìrì á máa yára lọ ju bó ṣe lọ nígbà àlọ. Tí iná inú ṣẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan (àwọn ẹ̀yà tó para pọ̀ di bátìrì) bá sì ti sún mọ́ fóòtì (volt) 3.5, kì í rọra lọ sílẹ̀ mọ́, ṣe ló máa ń já.

Ẹ ní òjò ò rọ̀. Òjò ò ní láti dé Ìdó kó tó ba nǹkan jẹ́. Òjò oníjì níhìn-ín sábà máa ń ti ìlà-oòrùn wá, afẹ́fẹ́ ló sì máa ń ṣíwájú rẹ̀. Ó lè rọ̀ sí Bódìjà n'Ìbàdàn kó tán síbẹ̀, kí afẹ́fẹ́ tó tú jáde lábẹ́ rẹ̀ ṣì bá wa lọ́dọ̀ yín. Drone yìí kò gbọdọ̀ fò nínú afẹ́fẹ́ tó bá ju mítà 12 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sì gba omi sára. Ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi wà lẹ́yìn ọgbà yín, àwọn ọmọ ń ṣeré níta. Ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò kan ni drone yẹn. Mi ò lè fi orí ọmọ ọlọ́mọ ta tẹ́tẹ́ nítorí máàpù, ẹ̀gbọ́n.

Ti jẹ́nẹ́rétọ̀ tẹ́ ẹ tàn fún wa ká lè fi bátìrì sí ṣájà, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ẹ fọwọ́ kan bátìrì yẹn nígbà tá a yọ ọ́, ẹ sì yára gbé ọwọ́ kúrò. Bátìrì tó gbóná tó bẹ́ẹ̀, a kì í fi sí ṣájà àfi tó bá tutù. Irú rẹ̀ ló ń wú: ikùn rẹ̀ á yọ, kò ní wọ ààyè rẹ̀ dáadáa mọ́, ó sì lè gbiná. Èyí tó bá ti wú lọ́dọ̀ wa, kò ní gòkè mọ́ láé.

Ọjọ́ tá a padà wá, a ò gba kọ́bọ̀ lé owó yín, torí ojú ọjọ́ ló dá wa dúró.

Apá kejì ilẹ̀ náà tẹ́ ẹ ní ẹ máa ṣe lóṣù tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ ká fi í sí àárọ̀, torí ọ̀sán ni irú òjò báyìí sábà máa ń kóra jọ. Ẹ sì fi ọjọ́ méjì sílẹ̀ fún wa, kí ìkejì wà nílẹ̀ bí ti àkọ́kọ́ ò bá ṣeé ṣe.