Fernando Ortiz kí ó tó di ọ̀rẹ́ onílù bàtá

Èrò ọkàn mi nìyí. Bí a bá ti dárúkọ Fernando Ortiz, olùwádìí ọmọ Cuba, láàárín àwa tí a fẹ́ràn ìtàn àwọn Lukumí, ìyẹn àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Cuba àti ìrandíran wọn, ìyìn ni gbogbo ẹnu máa ń sọ, nítorí pé òun ni ó mú àwọn onílù bàtá jáde síwájú èrò ní Havana ní ọdún 1937, tí ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ̀wé nípa orin àti ijó wọn. Ìyìn náà tọ́ sí i. Ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn ni pé a máa ń fo ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ dá, bẹ́ẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ yẹn gan-an ni ó kàn wá jù.

Amòfin ni Ortiz. Havana ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1881, erékùṣù Menorca ní Sípéènì ni ó sì ti ṣe kékeré. Ó kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Havana àti Barcelona, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Madrid ní ọdún 1901, lẹ́yìn náà ni ó bá ìjọba Cuba, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, ṣiṣẹ́ aṣojú ní Ítálì. Ibẹ̀ ni ó ti bá Cesare Lombroso pàdé, oníṣègùn tí ó gbà pé wọ́n máa ń bí ìwà ọ̀daràn mọ́ ẹlòmíràn ni, àti pé ẹni tí ó bá wo ojú àti orí irú ẹni bẹ́ẹ̀ dáadáa yóò rí àmì rẹ̀.

Ojú Lombroso yìí ni Ortiz fi wo àwọn babaláwo àti olórìṣà Cuba nínú ìwé rẹ̀, Los negros brujos, tí ó jáde ní Madrid ní ọdún 1906, tí Lombroso fúnra rẹ̀ sì kọ lẹ́tà síwájú rẹ̀. Àkọlé náà nìkan tó ọ̀rọ̀: ‘Àwọn Adúláwọ̀ Oṣó’. Ogún ọdún péré ni ó ti kọjá tí wọ́n fòpin sí oko ẹrú ní Cuba, àwọn àgbà tí wọ́n kó láti Áfíríkà ṣì wà láàyè tí a lè bi léèrè ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìròyìn inú ìwé ìròyìn ni ó gbára lé jù. Ó ní kí òfin ka iṣẹ́ wọn sí ọ̀ràn, kí wọ́n sì gba ohun èlò wọn. Nínú ìwé kan náà ni ó ti fi hàn pé ilẹ̀ Yorùbá ni Ọbàtálá, Ṣàngó àti Ifá ti wá. (Ó mọ orírun wọn, kò mọ iyì wọn.) Ní ọdún 1906 yẹn náà ni wọ́n fi í ṣe agbẹjọ́rò ìjọba ní kóòtù Havana, nítorí náà ohun tí ó kọ kì í ṣe àròsọ ọ̀mọ̀wé lásán: ọ̀rọ̀ ẹni tí ó wà nídìí òfin ni.

Àwọn kan máa ń sọ pé bí àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà ṣe ń ronú nìyẹn. Mo gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n pè ní oṣó kò rí ìtùnú kankan nínú àwáwí yẹn. Ohun tí mo fi ń bọ̀wọ̀ fún Ortiz kò sí nínú iṣẹ́ ọ̀dọ́ rẹ̀ rárá. Nígbà tí Rómulo Lachatañeré, ọ̀dọ́mọkùnrin olùwádìí kan ní Cuba, kọ̀wé ní ìparí àwọn ọdún 1930 pé kò tọ́ láti máa pe ẹ̀sìn Lukumí ní iṣẹ́ oṣó, tí ó sì dárúkọ Ortiz gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó tan ọ̀rọ̀ náà kálẹ̀, inú ìwé àtìgbàdégbà tí Ortiz ń darí ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde.