Ẹ Má Yan Erùpẹ̀ Nọ́sìrì Mọ́

Ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń ta ọmọ igi ní Abuja, láti Lugbe dé Kubwa, ìmọ̀ràn kan náà lẹ ó máa gbọ́: ẹ yan erùpẹ̀ nínú dírọ́ọ̀mù títí tí yóò fi máa rú èéfín, ẹ da Izal sí i, ẹ wá fi fọ́ńjísáìdì, ìyẹn oògùn tó ń pa olú, kún un, torí pé kòkòrò inú ilẹ̀ ló ń pa ọmọ igi. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ibi tó ti wọ́ ni èrò pé bí erùpẹ̀ bá ṣe ṣófo tó ló ṣe dáa tó.

Àwọn tó ń pa èèhù kò pọ̀. Pythium, Rhizoctonia àti Fusarium, àwọn alààyè kéékèèké bí olú tó ń gbé inú ilẹ̀, ló sábà máa ń jẹ́. Ọrùn ọmọ igi á tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú níbi tó ti kan ilẹ̀, á sì dojú bolẹ̀ nígbà tí ewé rẹ̀ ṣì tutù. Ṣùgbọ́n nínú ilẹ̀dú kan náà, àìmọye alààyè tí ojú ò rí ló ń bá wọn du oúnjẹ àti àyè. Trichoderma, tó jẹ́ ìran olú, tilẹ̀ ń wé mọ́ wọn, ó sì ń jẹ wọ́n. Bí iná bá ti kọjá lára erùpẹ̀, ọ̀tá àti ọ̀rẹ́ ló jọ kú. Lẹ́yìn ìyẹn, omi odò tàbí ṣọ́bìrì tí a kò fọ̀ á gbé Pythium padà wá, á sì bá ọjà tí gbogbo onísọ̀ ti kó kúrò. Kò sẹ́ni tí yóò bá a jà sí àyè. Ìdí nìyí tí èèhù fi lè kú nínú erùpẹ̀ yíyan ju inú èyí tí iná ò kàn lọ.

Ìgbóná náà ní ìwọ̀n. Bí erùpẹ̀ tútù bá wà ní 60°C fún ìṣẹ́jú 30, Pythium àti Rhizoctonia ti kú, ọ̀pọ̀ àwọn tó wúlò á sì yè é. Dírọ́ọ̀mù orí iná igi kì í dúró síbẹ̀. Bó bá ti kọjá 80°C, mánganíìsì, èròjà kan tó ti sùn sínú erùpẹ̀, á tú jáde, amóníà, gáàsì tó ń ta nímú, náà á jáde bí ìgbẹ́ ẹran bá wà níbẹ̀. Etí ewé á jó, gbòǹgbò á dúdú. Wọ́n á ní kòkòrò ló tún dé, wọ́n á sì lọ yan òmíràn.

Àdánù tó wọni lára jù ni ti mycorrhiza, ìran olú mìíràn tó ń gbé inú gbòǹgbò igi. Okùn rẹ̀ tín-ín-rín máa ń nà kọjá ibi tí gbòǹgbò fúnra rẹ̀ dé, ó ń fa fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti omi wá fún igi, igi náà sì ń fi ṣúgà bọ́ ọ. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ò pọ̀ nínú ilẹ̀ ọ̀dàn Àríwá, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Ní 1972, àwọn olùwádìí méjì, Kleinschmidt àti Gerdemann, ṣàlàyé ní Amẹ́ríkà ìdí tí ọmọ ọsàn kì í fi í dàgbà ní nọ́sìrì tí wọ́n ti fi gáàsì pa ohun gbogbo nínú ilẹ̀: olú gbòǹgbò ló kú. Nàìjíríà náà rí tirẹ̀. Páìnì tí wọ́n gbé wá síbí kò ṣe dáadáa àfi ìgbà tí wọ́n fún un ní olú tó bá gbòǹgbò rẹ̀ mu.

Bí a bá fẹ́ dín àwọn apani kù láìsọ erùpẹ̀ dòfo, oòrùn ni ká lò. Ẹ po bárò ilẹ̀dú mẹ́ta mọ́ bárò yanrìn odò méjì, ẹ wọ́n omi sí i títí yóò fi tutù látòkè délẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ ní sẹ̀ǹtímítà 15, ẹ fi ọ̀rá tó mọ́ gaara bò ó, kí ẹ sì fi erùpẹ̀ di etí ọ̀rá náà. Kì í ṣe ọ̀rá dúdú o; òun fúnra rẹ̀ ló máa ń gba púpọ̀ nínú ooru náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà láàárín February sí April ló dára jù ní agbègbè wa, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Ìgbẹ́ màlúù ò gbọ́dọ̀ sí lábẹ́ ọ̀rá yẹn. Ẹ̀yìn oòrùn la ó fi í gbé Trichoderma padà sínú erùpẹ̀: ẹ mú èyí tó ti jẹrà dáadáa, tí kò gbóná mọ́. Kílò Trichoderma oníyẹ̀fun kan tó fún 100 kílò ìgbẹ́. Ẹ wọ́n omi sí i: bí ẹ bá fún un lọ́wọ́, kó dì, àmọ́ kó má kán. Ẹ fi àpò jute bò ó lábẹ́ ibòji, kí ẹ máa yí i ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta. Lẹ́yìn ọjọ́ 15, ẹ po bárò kan rẹ̀ mọ́ bárò erùpẹ̀ márùn-ún yẹn. Ìgbẹ́ tútù tó ṣì ń gbóná á pa Trichoderma kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí ẹ bá tún fẹ́ fi Trichoderma wé irúgbìn, gíráàmù 5 sí 10 tó fún kílò irúgbìn kan.

Mycorrhiza ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ fara kan gbòǹgbò. Gíráàmù 5 sí 10 ni kí ẹ fi sínú ihò, bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta sísàlẹ̀ irúgbìn. Èyí tí ẹ bá wọ́n sórí ilẹ̀, ẹ ti sọ owó nù. Ẹ má sì fi ajílẹ̀ tó ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, bíi NPK 15-15-15 tàbí súpà, sí i ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, torí pé igi tó bá ti rí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì yó kì í gba olú náà láyè.

Àwọn kan tún ń ta oògùn Rhizobium, bakitéríà tó ń gbé inú kókó gbòǹgbò tó sì ń fa náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́ fún igi, fún gbogbo igi tó bá ti so èso bí ẹ̀wà. Gawo àti dakwara, igi ọ̀dàn méjì tí orúkọ wọn jẹ́ ti Hausa, máa ń ní kókó lára gbòǹgbò, ó lè wúlò fún wọn, bó bá jẹ́ irú tó bá wọn mu. Igi irú àti tsamiya tí àwa ń pè ní àjàgbọn kì í ní in, kí lẹ wá fẹ́ fi ṣe? NoduMax, oògùn Rhizobium tí IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, ṣe, ẹ̀wà sóyà ló wà fún. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá kókó gbòǹgbò ń ṣiṣẹ́, ẹ là á: bí inú rẹ̀ bá pupa rẹ́súrẹ́sú, ó ń ṣiṣẹ́, bó bá funfun tàbí tó ní àwọ̀ ewé, kò ṣe nǹkan kan.

Ìdí tí ọ̀pọ̀ fi ń ní nǹkan wọ̀nyí ò ṣiṣẹ́ ò jìnnà. Wọ́n á fi Trichoderma sí i lónìí, wọ́n á fọ́n carbendazim lọ́la, fọ́ńjísáìdì tó ń pa á gan-an. Ó yẹ kí ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán wà láàárín wọn. Omi ẹ̀rọ tó ní kílórínì ni wọ́n fi pò ó, dípò kí wọ́n ṣí i sílẹ̀ nínú garawa di ọjọ́ kejì. Wọ́n á bomi rin ọmọ igi láàárọ̀ àti lálẹ́ nínú ọ̀rá tí kò níhò nísàlẹ̀. Pythium fẹ́ràn omi; kò sí Trichoderma tó lè gba ọmọ igi sílẹ̀ nínú àbàtà. Tí ọmọ igi bá sì ti ń ṣubú, ẹ fà á tu pẹ̀lú erùpẹ̀ rẹ̀, ẹ dín omi kù, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn máa fẹ́ sí àwọn tó kù. Trichoderma ń dènà ni, kì í wo èyí tó ti ṣubú sàn.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo ara páálí: orúkọ alààyè inú rẹ̀, iye tó wà láàyè nínú gíráàmù kan, àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Èyí tó ti wà lábẹ́ páànù ṣọ́ọ̀bù láti March di April, kódà bí ọjọ́ rẹ̀ ò tíì pé, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á.