"Iṣẹ́ gidi" ńkọ́?

Wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀! Lánàá, níbi ìsọmọlórúkọ ní Èbúté, Ìkòròdú níbí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bu ìrẹsì sẹ́nu ni ẹ̀gbọ́n màmá mi kan bá ní: "Ṣé páànù yẹn náà lo ṣì ń tà kiri? Ìgbà wo lo máa wá ríṣẹ́ gidi?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ gidi? Èmi tí mo ń fẹsẹ̀ wọ́ lẹ́yìn oníbàárà láti Sábó dé Odógúnyán, tí gìgísẹ̀ bàtà mi ti jẹ tán! Páànù tó wà lórí ilé yín, ṣé ó fò wá láti ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni? Ọmọ yín tó ń de táì ní báńkì, kí ló ń ṣe bí kò ṣe kó máa bẹ èèyàn kí wọ́n wá ṣí àkáǹtì? Ọjà kọ́ nìyẹn? Àbí táì ni kò jẹ́ kó jọ ọjà?

Wọ́n á ní alágbàtà ló ń sọjà di ọ̀wọ́n. Ó dáa, ẹ lọ ra páànù tó kún odindi ọkọ̀ akẹ́rù kan nílé iṣẹ́, ẹ fi bo ilé yàrá méjì!

Kí n tó kúrò níbẹ̀, ìyá yìí kan náà fà mí sẹ́yìn ilé: "Báńdù páànù méjì, èló lo máa bá mi yọ níbẹ̀?"

Háà!