Wọ́n Ti Pa Ẹ̀rọ, Ewu Ò Tíì Lọ

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo wà ní ìsọ̀ fọganáísà kan ní Àdó-Èkìtì, wọ́n ń lẹ táyà mi, ni ọ̀rọ̀ iná mànàmáná bá bẹ́ sílẹ̀ bó ṣe máa ń bẹ́ sílẹ̀ níbi tí èèyàn mẹ́rin bá ti jókòó. Ẹnì kan dárúkọ Geregu, pé ibẹ̀ àti Itu ní ìpínlẹ̀ Akwa Ibom ni ìjọba àpapọ̀ ti ń sọ tipẹ́tipẹ́ pé àwọn fẹ́ kọ́ ilé iṣẹ́ iná núkílíà sí. Ìpínlẹ̀ Kogi ni Geregu wà, àwa àti Kogi la sì jọ pààlà, ni gbogbo wa bá tẹ́tí. Bàbá àgbàlagbà kan ní ẹ̀rù irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń ba òun. Ọmọkùnrin jórinjórin kan tó wà níbẹ̀ dá a lóhùn pé, "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Bó bá ti fẹ́ ṣe bákan, wọ́n á pa á ni. Ẹ̀rọ tí wọ́n ti pa, kí ló tún lè fi èèyàn ṣe?"

Kò sẹ́ni tó jiyàn. Èmi náà ò rí àyè sọ tèmi tán kí wọ́n tó lẹ táyà náà tán, ó sì ń dùn mí títí di òní. Iṣẹ́ iná ni mo ń ṣe. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ yẹn sọ, mo ti gbọ́ ọ rí kí ẹ̀jẹ̀ tó ṣàn, kì í sì í ṣe lẹ́nu ẹlòmíì. Ẹnu ara mi ló ti jáde. Màá dé ibẹ̀.

Èdè wa gan-an ló kọ́kọ́ ń tàn wá. Bí a ṣe ń pa ejò la ṣe ń pa iná, bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń pa ẹ̀rọ, ohun tí a bá sì ti pa, òkú ni lójú wa. Ríákítọ̀, ìyẹn ìkòkò ńlá tí ooru núkílíà ti ń jáde, kì í kú bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ ni pé àwọn átọ́ọ̀mù yuréníọ̀mù, ìyẹn àwọn ẹyọ tíntìntín inú irin tó jẹ́ epo rẹ̀, ń là sí méjì, ọ̀kan ń fa lílà èkejì, ooru ń jáde. Tí wọ́n bá ti àwọn ọ̀pá ìdádúró bọ àárín wọn, lílà yẹn á dáwọ́ dúró láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ìyẹn ni "wọ́n ti pa á". Àwọn àfọ́kù tó ti là sílẹ̀ ṣáájú wá ńkọ́? Àwọn yẹn ò dúró. Ara wọn ò tíì rọlẹ̀, wọ́n ń yí padà díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ń tú ooru tuntun jáde. Kò sí súìṣì láyé yìí tó lè pa ìyẹn. Àsìkò nìkan ló ń pa á.

Ẹ má fi wé ìkòkò iṣu tí a sọ̀ kalẹ̀ lórí iná. Ooru tí ìkòkò ti gbà sára ló ń tú sílẹ̀, tó bá yá, á tutù fúnra rẹ̀. Omi Ìkògòsì ló sún mọ́ ọn díẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń ki igi bọ ìdí omi yẹn, síbẹ̀ gbígbóná ló ń jáde látinú ilẹ̀ lójoojúmọ́ ayé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń fúnni ní iná mẹ́gáwáàtì 1,000 (mẹ́gáwáàtì kan jẹ́ wáàtì mílíọ̀nù kan), ooru inú ríákítọ̀ rẹ̀ máa ń tó mẹ́gáwáàtì 3,000. Ní kété tí wọ́n bá pa á, nǹkan bí ìdá 6 sí 7 nínú 100 ooru yẹn ṣì ń jáde, ìyẹn bíi mẹ́gáwáàtì 200. Lẹ́yìn wákàtí kan, ó kù bíi 45. Lẹ́yìn ọjọ́ kan gbáko, ó ṣì tó bíi 15. Ẹ mọ hítà onírin tí à ń kì bọ bọ́kẹ́ẹ̀tì omi ìwẹ̀ láàárọ̀? Tí ọ̀kan bá jẹ́ wáàtì 1,500, mẹ́gáwáàtì 15 jẹ́ hítà 10,000 nínú ìkòkò kan ṣoṣo, tọ̀sán-tòru. Omi gbọ́dọ̀ máa yí po lára rẹ̀, pọ́ńpù ló ń yí omi, iná ló sì ń gbé pọ́ńpù. (Ríákítọ̀ kékeré tó wà ní Zaria láti ọdún 2004, ti ìwádìí ni, bíi kìlówáàtì 30 péré ni agbára rẹ̀. Kì í ṣe irú ìyẹn là ń wí.)

Ẹ rántí ilé iṣẹ́ iná núkílíà Fukushima ní Jàpáánì. Nígbà tí ilẹ̀ mì lọ́jọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2011, àwọn ríákítọ̀ mẹ́ta tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ pa ara wọn lójú ẹsẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ṣe wọ́n pé kí wọ́n máa ṣe. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 lẹ́yìn náà ni omi òkun ya wọlé, ó sì bo àwọn jẹnẹrétọ̀ tó yẹ kó máa gbé pọ́ńpù ṣiṣẹ́. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló yọ́. Pípa ni wọ́n sì wà nígbà tí wọ́n yọ́.

Apá kejì ìgbàgbọ́ yìí ló ń ká mi lára jù, torí kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀: pé tí wọ́n bá pa ilé iṣẹ́ fún sẹ́víìsì, ìgbà ìsinmi dé. Irọ́ ni. Láàárín oṣù 18 sí 24 ni wọ́n máa ń pa irú ríákítọ̀ tó pọ̀ jù láyé kí wọ́n lè pààrọ̀ bí ìdá kan nínú mẹ́ta epo yuréníọ̀mù inú rẹ̀. Nígbà yẹn ni ilé iṣẹ́ kún bí ọjà ọba. Àwọn àjèjì òṣìṣẹ́ tó lè tó 1,000 á rọ́ wọlé: jórinjórin, àwọn tó ń to àkàbà irin, àwọn tó ń wa kúréènì, àwọn tó ń tú fáàfù. Ohun tí ògiri nípọn bò láti ọdún kan ààbọ̀, wọ́n á ṣí i, wọ́n á sì sún mọ́ ọn. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé àkókò díẹ̀ yẹn ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìtànṣán núkílíà, èyí tó lè pa ara lára, tí òṣìṣẹ́ ń gbà lọ́dún máa ń wọ ara wọn. Ọ̀pọ̀ wọn ò mọ ara wọn rí. Ẹni tó wà lókè ò mọ ẹni tó wà nísàlẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilé iṣẹ́ iná núkílíà Vogtle ní ìpínlẹ̀ Georgia, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, lọ́jọ́ 20 oṣù Kẹta ọdún 1990, kì í kúrò lọ́kàn mi. Ríákítọ̀ kìíní ti wà ní pípa fún pípààrọ̀ epo. Jẹnẹrétọ̀ méjì ló ní fún ọjọ́ ìṣòro, wọ́n ti tú ọ̀kan palẹ̀ fún sẹ́víìsì. Ọ̀kan nínú àwọn tiransífọ́mà tó ń gba iná ìta wọlé, òun náà wà lábẹ́ àtúnṣe. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni iná wá ń gbà wọlé. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó gbé epo ẹ̀rọ wọ ọgbà wáyà iná, ó ń fi ẹ̀yìn rìn, ló bá fi ìdí gbá òpó tó gbé ìlà kan ṣoṣo yẹn dúró. Iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ tó kù dìde, kò tó ìṣẹ́jú méjì ó kú. Wọ́n tún jí i, ó tún kú. Ìṣẹ́jú 36 ni ó gbà kí iná tó padà sídìí pọ́ńpù. Láàárín ìgbà yẹn, omi inú ríákítọ̀ tí wọ́n ti pa kúrò ní bíi 32 lórí ìwọ̀n Celsius, ó gun bíi 58.

Kò sẹ́ni tó kú níbẹ̀, kò sì sí ìtànṣán tó jáde. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Dírẹ́bà ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Àwọn tó tú jẹnẹrétọ̀ gba àṣẹ kí wọ́n tó tú u. Àwọn tó wà nídìí tiransífọ́mà mọ iṣẹ́ wọn. Ohun tí kò sí ni ẹnì kan tó kó gbogbo rẹ̀ sójú kan, tó wá sọ pé: lónìí, ìlà kan ló kù wá, mọ́tò kankan ò gbọdọ̀ wọ abẹ́ rẹ̀. Lóde òní, tí wọ́n bá tú ọ̀kan palẹ̀ ní irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, èyí tó kù ni wọ́n ń fi okùn yí ká, wọ́n á gbé pátákó síwájú rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má sún mọ́ ọn.

Ó wá kan tèmi. Ilé ìlọrẹ́sì kan ni, lápá Ìgbẹmọ, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Bẹ́líìtì ẹ̀rọ ń yọ̀, wọ́n ránṣẹ́ pe èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ mẹkáníìkì. Bí a ṣe débẹ̀ ni wọ́n mú iná lọ. Inú wa tilẹ̀ dùn. Mo wà lẹ́yìn ilé nídìí mítà, ọ̀rẹ́ mi bi mí láti inú ilé pé ṣé kóun máa bá iṣẹ́ lọ, mo sì pariwo láti ibi tí mo wà pé, "Kiwọ́ bọ̀ ọ́, iná ti lọ." Ọmọ tó ń bá wọn tan jẹnẹrétọ̀ wà ní ìta. Àwọn obìnrin tó gbé ìrẹsì wá láti Àdó ń kánjú, ilẹ̀ ti ń ṣú lọ, ló bá tan jẹnẹrétọ̀, ó sì yí changeover. Kò mọ̀ pé èèyàn wà nídìí ẹ̀rọ. Ta ni ì bá sọ fún un? Èmi ò sọ. Ọ̀rẹ́ mi ò sọ. Ọ̀gá ibẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Mo gbọ́ tí bẹ́líìtì hu lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà mo gbọ́ ohùn ọ̀rẹ́ mi. Nígbà tí mo sáré wọlé, ó jókòó sórí ìyàngbò, ó fi ọwọ́ ọ̀tún di tòsì mú, ìyàngbò abẹ́ rẹ̀ sì ti ń lẹ̀ pọ̀. Ìka méjì ló lọ. Wọ́n fẹ́ lu ọmọ yẹn, èmi ni mo dúró sáàárín wọn, torí mo mọ̀ pé kì í ṣe òun.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń kọ́ ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá, ti núkílíà pẹ̀lú, ń ṣe. Àgádágodo ni. Ẹni tó bá fẹ́ kiwọ́ bọ ẹ̀rọ á pa súìṣì rẹ̀, á fi àgádágodo tirẹ̀ tì í, á so orúkọ ara rẹ̀ mọ́ ọn, á sì ki kọ́kọ́rọ́ sápò ara rẹ̀. Tí wọ́n bá jẹ́ márùn-ún, àgádágodo márùn-ún ló máa wà níbẹ̀. Irin oníhò púpọ̀ kan wà tí wọ́n fi ń so wọ́n pọ̀, tí ẹnì kan ò bá tíì ṣí tirẹ̀, súìṣì ò lè gòkè. Ọ̀gá àgbà ò lè ní kí wọ́n bá òun já ti ẹnikẹ́ni nítorí pé oníbàárà ń kánjú. Lẹ́yìn tí wọ́n bá tì í tán, wọ́n á tún tẹ bọ́tìnì tí wọ́n fi ń tan ẹ̀rọ, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i pé kò dìde. Ọ̀pọ̀ wa níbí ń fo èyí, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ń tú àṣírí wáyà tí a ò mọ̀ pé ó wà.

Àgádágodo nìkan ò tó tí iṣẹ́ bá kọjá ọwọ́ ẹgbẹ́ kan bọ́ sí ọwọ́ ẹgbẹ́ mìíràn. Lọ́jọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1988, lórí Piper Alpha, ibi tí wọ́n ti ń fa epo rọ̀bì nínú òkun lápá Scotland, àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀sán yọ fáàfù ààbò kan lára ọ̀nà pọ́ńpù àkọ́kọ́. Wọn ò rí i dá padà kí wọ́n tó ṣíwọ́, wọ́n sì fi irin pẹlẹbẹ dí ojú ibẹ̀. Ìwé iṣẹ́ fáàfù náà ò sí pẹ̀lú ìwé iṣẹ́ pọ́ńpù. Lálẹ́, pọ́ńpù kejì kú. Àwọn tó gba iṣẹ́ yẹ̀wé wò, wọn ò rí èyí tó ní kí wọ́n má tan ti àkọ́kọ́. Wọ́n tàn án. Gáàsì tú jáde níbi tí fáàfù yẹn ti kúrò, ó bú gbàù, èèyàn 167 ló bá a lọ.

Kì í sì í ṣe òkè òkun nìkan, ó dé ilẹ̀ Áfíríkà náà. Ní Koeberg, ilé iṣẹ́ iná núkílíà kan nítòsí Cape Town ní South Africa, níparí ọdún 2005, bóòtù irin kan tí kò gùn ju sẹ̀ǹtímítà 8 lọ, tí wọ́n fi sílẹ̀ sínú jẹnẹrétọ̀ ńlá lẹ́yìn àtúnṣe, ba jẹnẹrétọ̀ náà jẹ́ nígbà tí wọ́n tàn án. Bóòtù kan! Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ka gbogbo sípánà tó wọlé, tí wọ́n tún ń kà á nígbà tó ń jáde.

Ọmọ jórinjórin yẹn ò purọ́ pátápátá. Pípa ni àkọ́ṣe. Bí mo bá tún bá a pàdé, ohun tí màá bi í ni pé, tí o bá pa á tán, ta lo sọ fún?

Ilé ìlọrẹ́sì yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá ibẹ̀ ra àgádágodo mẹ́ta, ó kan ìṣó mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ changeover, ó fi wọ́n kọ́ ọ. Mo yà níbẹ̀ lóṣù tó kọjá, méjì ni mo bá lára ìṣó. Mo bi ọmọ tó ń tan jẹnẹrétọ̀ pé ìkẹta dà. Ó ti di géńdé báyìí. Ó nawọ́ sí changeover, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ wò ó níbẹ̀ yẹn. Kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wà lápò ẹni tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ." Àwọn oníbàárà márùn-ún jókòó sórí àpò ìrẹsì wọn, wọ́n ń dúró.